Bí Ẹ Ṣe Máa So Iná Àfikún Mọ́ Iwájú Ọkọ̀ Láìjó Súìṣì

Ẹni tó bá ń gba Mọníyà lọ sí Ìṣẹ́yìn, tàbí tó ń gba Ìdó já sí Èrúwà lálẹ́, kò nílò àlàyé lórí ìdí tí wọ́n fi ń so iná méjì mìíràn mọ́ iwájú Hilux. Bí ẹ bá ti yà kúrò lórí ọ̀dà wọ ọ̀nà oko, iná iwájú ọkọ̀ nìkan kì í tó láti fi rí ibi tí àgbàrá ti gbẹ́ ilẹ̀ lọ. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kì í pẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá so ó tán tí iná á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, tí súìṣì á máa gbóná, tàbí tí ẹ̀gbẹ́ kan á máa tàn bí àbẹ́là. Wọ́n á ní iná náà ni kò dára, wọ́n á tún lọ ra òmíràn.

Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sóhun tó ṣe iná náà. Ohun méjì ló máa ń fà á: wọ́n gba gbogbo kọ́rẹ́ǹtì iná náà kọjá nínú súìṣì kékeré tó wà nínú ọkọ̀, wọ́n sì de wáyà ẹ́ẹ̀tì (èyí tó ń dá kọ́rẹ́ǹtì padà sí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì gba ara ọkọ̀) mọ́ orí irin tí ọ̀dà bò. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún iná méjì, LED tàbí halogen (gílóòbù tó ní òwú nínú), lórí ọkọ̀ oníbátìrì 12V. Bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ ti 24V, ẹ má fi relay (súìṣì tí kọ́rẹ́ǹtì kékeré fi ń tan kọ́rẹ́ǹtì ńlá) àti gílóòbù 12V sí i rárá.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Iná méjì pẹ̀lú irin ìdè wọn
- Relay 12V, 40A, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, pẹ̀lú sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀
- Ilé fíúùsì tó ní ìdérí tí omi kò lè wọ̀, àti fíúùsì 10A méjì, 15A méjì
- Wáyà ọkọ̀ tó rọ̀, 2.5 mm²: pupa mítà márùn-ún, dúdú mítà mẹ́ta
- Wáyà 1 mm² fún súìṣì: mítà márùn-ún
- Súìṣì kan
- Ojú wáyà olóbìrípo mẹ́jọ (ti bóòtù M6 àti M8) àti ojú wáyà pẹlẹbẹ mẹ́wàá, ìyẹn irin kékeré tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ orí wáyà
- Rọ́bà tí ooru ń mú fún mọ́ wáyà, èyí tó ní gọ́ọ̀mù nínú
- Páìpù rọ́bà tí wọ́n là lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà mẹ́ta, cable tie ogún
- Bóòtù M8 mẹ́rin, wọ́ṣà wọn, wọ́ṣà eléyín, àti nọ́ọ̀tì tó ní rọ́bà nínú
- Sípánà 10, 12 àti 13, púláyà tí wọ́n fi ń tẹ ojú wáyà, mítà tí wọ́n fi ń wọn iná, gílóòbù tẹ́sítà, dírílì pẹ̀lú ojú 3 mm àti 8.5 mm, sáńpépà, ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà

Gbogbo rẹ̀ pé ní ọjà Àràrọ̀mí ní Gate. Ohun méjì péré ni ẹ ní láti fojú sí dáadáa bí ẹ bá ń rà á.

Àkọ́kọ́ ni wáyà. Ẹ fi réésà ha etí òwú kan nínú rẹ̀. Tí ó bá pupa dénú, kọ́pà ni. Tí funfun bá yọ lábẹ́ pupa, alumíníọ́ọ̀mù ni wọ́n fi kọ́pà bò, á gbóná, á sì dá lójú ibi tí ẹ ti tẹ̀ ẹ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta wáyà ilé fún yín, èyí tó ní irin kan ṣoṣo gbagidi nínú. Lára ògiri ó dára gan-an. Lára ọkọ̀ tó ń gbọ̀n, á ṣẹ́ nínú rọ́bà rẹ̀, ẹ ò sì ní mọ ibi tó ti ṣẹ́.

Èkejì ni relay. Relay tòkúnbọ̀ tí wọ́n tú lára ọkọ̀ gidi sàn ju tuntun tí kò ní orúkọ lọ. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n fi bátìrì kan ẹsẹ̀ 85 àti 86. Ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ “tá”. Tí ẹ bá fi mítà wọn ẹsẹ̀ méjèèjì yìí, nǹkan bí 70 sí 100 ohm ló yẹ kó wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá gbé ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún fún yín, èyí tó ní 87a láàárín, ó ṣeé lò, ṣùgbọ́n ẹ má so nǹkan kan mọ́ 87a. Ẹsẹ̀ yẹn máa ń ní iná nígbà tí súìṣì bá wà ní pípa. Òun ni iná àwọn kan fi ń tàn látàárọ̀ dalẹ́, tí wọ́n á ní relay ti bàjẹ́.

1. Ẹ wọn kọ́rẹ́ǹtì tí iná náà ń jẹ ní ti gidi

Ohun tí wọ́n kọ sára páálí kì í ṣe ẹ̀rí. Iná LED kékeré tí wọ́n kọ 72W sí lára lè má jẹ tó ìdajì rẹ̀.

Ẹ yí mítà sí ojú 10A, kí ẹ ki wáyà pupa rẹ̀ sínú ihò 10A. Láti orí pọ́sítíìfù bátìrì, ẹ lọ sí fíúùsì 15A, láti fíúùsì sí mítà, láti mítà sí wáyà pupa iná kan. Kí wáyà dúdú iná lọ tààrà sí nẹ́gẹ́tíìfù. Ẹ kà á láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kí ẹ yọ ọ́. Lójú ẹsẹ̀ náà ni kí ẹ dá wáyà pupa mítà padà sí ihò V. Ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ nínú ihò 10A, tó tún wá fi kan orí bátìrì méjèèjì, á jó fíúùsì inú mítà, bí kò bá tiẹ̀ jó mítà fúnra rẹ̀.

Ẹ fi méjì sọ ohun tí ẹ kà di púpọ̀, kí ẹ tún fi 1.25 sọ ọ́ di púpọ̀. Fíúùsì tó tẹ̀ lé iye yẹn lókè ni kí ẹ lò. Bí iná LED kan bá jẹ 3A, méjì jẹ́ 6A. 6 lọ́nà 1.25 jẹ́ 7.5, nítorí náà fíúùsì 10A. Halogen 55W méjì jẹ́ 110W. Tí ẹ bá fi 12 pín in, ó lé díẹ̀ ní 9A; lọ́nà 1.25, ó kọjá 11A, èyí tó gba fíúùsì 15A.

Fíúùsì ń ṣọ́ wáyà ni, kì í ṣe iná. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ fi 30A sí i “kó má baà máa jó”, ohun tó ń sọ ni pé wáyà ni kó kọ́kọ́ jó.

Àyẹ̀wò: iná méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ iye tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bí ọ̀kan bá jẹ 3A tí èkejì jẹ 1.8A, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á kí ẹ tó lu ihò kankan.

2. Ẹ de iná mọ́ irin, kì í ṣe mọ́ rọ́bà

Bọ́ńpà oníke kò lè gbé e. Á máa gbọ̀n, ìmọ́lẹ̀ á máa mì lójú ọ̀nà, ihò bóòtù á sì máa fẹ̀ sí i. Ẹ de é mọ́ bull bar (irin tó ń dáàbò bo iwájú ọkọ̀), tàbí mọ́ irin tó wà lẹ́yìn bọ́ńpà gan-an. Bí kò bá sí ibi tó bọ́ sí, kí wẹ́dà gé irin pẹlẹbẹ tó nípọn tó 4 mm, kí ó lu ihò sí i, kí ẹ fi bóòtù dè é. Bí wẹ́dà bá fẹ́ jó irin mọ́ ara ọkọ̀ náà, ẹ kọ́kọ́ tú orí bátìrì méjèèjì, torí kọ́rẹ́ǹtì wẹ́dà lè ba kọ̀ǹpútà ọkọ̀ jẹ́.

Orí òrùlé wu ọ̀pọ̀ èèyàn, ṣùgbọ́n èmi kì í gbà á nímọ̀ràn fún ẹni tó ń gbé ní Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ á bọ́ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á padà sójú awakọ̀. Nígbà ọyẹ́, tí eruku ọ̀nà oko bá ti gba afẹ́fẹ́, iná tó wà lókè orí yín á tàn sára eruku náà ni, ẹ ò sì ní rí ju ògiri funfun lọ. Ìsàlẹ̀, lẹ́bàá bọ́ńpà, ló dára nínú eruku àti kùrukùru.

Kí ẹ tó lu ihò, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Kọ́ńdẹ́ńsà AC sábà máa ń wà ní nǹkan bí ìka mẹ́ta péré lẹ́yìn gíríìlì, dírílì tó bá sì yọ̀ á tú gáàsì dànù. Ọkọ̀ tó ní airbag tún ní sẹ́ńsọ̀ kékeré lára irin iwájú; ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má sì lu ihò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iná kò gbọ̀dọ̀ dí ojú ràdíétọ̀.

Ẹ fi ojú 3 mm lu ihò àkọ́kọ́, kí ẹ tó fi 8.5 mm fẹ̀ ẹ́ fún bóòtù M8. Ẹ kùn etí ihò ní ọ̀dà kó gbẹ. Òjò oṣù kẹfà kò ní fi irin tí kò lọ́dà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́ṣà, bóòtù, wọ́ṣà eléyín, àti nọ́ọ̀tì onírọ́bà. Bí ihò kékeré tí omi ń gbà jáde bá wà lára iná náà, ìsàlẹ̀ ni kó kọjú sí.

Àyẹ̀wò: ẹ di iná mú, ẹ fi agbára mì ín. Gbogbo ọkọ̀ ló yẹ kó mì. Bí iná nìkan bá mì, ìdè náà kò tíì dè.

3. Ọ̀nà kọ́rẹ́ǹtì: bátìrì, fíúùsì, relay, iná

Ẹ kọ́kọ́ tú nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì. Òun ni ẹ máa tú ṣáájú, òun ni ẹ sì máa so kẹ́yìn. Bí sípánà bá kan ara ọkọ̀ nígbà tí ẹ ń tú pọ́sítíìfù ṣáájú, iná á bù yẹ̀ẹ̀ lójú yín.

Ilé fíúùsì gbọ́dọ̀ sún mọ́ bátìrì, kó má ju nǹkan bí 20 cm sí orí pọ́sítíìfù. Ibi tí wáyà ti kúrò lórí bátìrì títí dé fíúùsì kò ní ààbò kankan. Bí ó bá gùn, tí irin sì gé rọ́bà rẹ̀, kò sóhun tó máa dá a dúró.

Relay ní nọ́ńbà lábẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ kà á, ẹ má fi ipò ẹsẹ̀ dá a mọ̀:

- 30: ó ti inú fíúùsì wá, wáyà 2.5 mm²
- 87: ó lọ sí wáyà pupa iná méjèèjì, wáyà 2.5 mm²
- 86: ó ti inú súìṣì wá, wáyà 1 mm²
- 85: ẹ́ẹ̀tì, wáyà 1 mm²

Relay wà nítorí pé 85 àti 86 kì í jẹ ju nǹkan bí 0.2A lọ. Súìṣì kékeré ń gbé 0.2A láìmọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀, nígbà tí 9A ń gba 30 sí 87 kọjá. Bí àwòrán bá wà lára relay tó fi hàn pé ó ní diode nínú (ohun tó ń jẹ́ kí kọ́rẹ́ǹtì gba ọ̀nà kan ṣoṣo), 86 gbọ́dọ̀ jẹ́ pọ́sítíìfù, 85 nẹ́gẹ́tíìfù. Ẹ má ṣe yí i.

Ẹ de relay mọ́ ògiri ẹnjíìnì, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjú sílẹ̀ kí omi má baà dúró sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Kó jìnnà sí páìpù èéfín.

Nípa ojú wáyà: ẹ bó 7 mm, ẹ ki wáyà bọ inú ojú rẹ̀, ẹ fi púláyà ìtẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ fi rọ́bà olóoru bò ó. Ẹ má fi eyín tẹ̀ ẹ́, ẹ má fi òòlù lù ú. Ẹ má sì gbára lé téèpù dúdú nìkan: nínú ooru ẹnjíìnì, gọ́ọ̀mù rẹ̀ á yọ́, téèpù á sì máa tú kálẹ̀.

Àyẹ̀wò: ẹ fa ojú wáyà kọ̀ọ̀kan bí ẹni fẹ́ fà á já. Èyí tó bá yọ lónìí ì bá yọ lójú ọ̀nà lọ́la.

4. Súìṣì, àti ibi tí ẹ máa ti fún un ní iná

Níbí ni ọwọ́ àwọn ríwáyà tó mọṣẹ́ pàápàá ti máa ń yọ̀, pàápàá lórí Toyota.

Ọ̀nà tó rọrùn: ẹ mú iná láti ibi fíúùsì kan tó ń kú nígbà tí ẹ bá pa kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Láti fíúùsì yẹn sí súìṣì, láti súìṣì sí 86. 85 lọ sí ẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá gbàgbé súìṣì ní títàn, kọ́kọ́rọ́ á pa á fún yín.

Ọ̀nà tó sàn jù fún ẹni tó ń gba títì: kí iná àfikún máa tàn nígbà tí ẹ bá tan fúlù nìkan, kó sì kú lójú ẹsẹ̀ tí ẹ bá dá a padà sí dímù nítorí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ohun tí àwọn èèyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n á gé wáyà fúlù, wọ́n á so ó mọ́ 86, wọ́n á fi 85 sí ẹ́ẹ̀tì. Lórí àwọn ọkọ̀ kan, ó máa ń ṣiṣẹ́. Lórí ọ̀pọ̀ Hilux àti 4Runner àtijọ́, iná àfikún á máa tàn nígbà tí iná iwájú bá wà ní dímù. Ohun tó fà á ni pé lórí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí, pọ́sítíìfù ti wà lórí gílóòbù nígbà gbogbo tí iná iwájú bá wà ní títàn. Nẹ́gẹ́tíìfù ni súìṣì ọwọ́ ọkọ̀ ń yí láti dímù sí fúlù.

Ẹ má méfò. Ẹ fà sọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn gílóòbù iwájú díẹ̀ kí ojú rẹ̀ hàn, ẹ so nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì padà, ẹ tan iná iwájú. Ẹ fi mítà, ní ojú V, wá ẹsẹ̀ méjì tí 12V wà láàárín wọn tí ẹ bá tan fúlù, tí ó sì di 0V tí ẹ bá dá a padà sí dímù. Ẹsẹ̀ méjì yẹn ni ẹ fẹ́. Ẹ so 86 mọ́ èyí tí mítà sọ pé ó jẹ́ pọ́sítíìfù, kí ẹ so 85 mọ́ èkejì, kì í ṣe mọ́ ara ọkọ̀. Kí súìṣì wà láàárín ọ̀kan nínú wáyà méjèèjì. Báyìí, irú ọkọ̀ yòówù kó jẹ́, relay á máa tẹ̀ lé fúlù, nítorí pé ohun tí òwú fúlù inú gílóòbù ń rí gan-an ni òun náà ń rí.

Bí ọkọ̀ bá jẹ́ tuntun, tó jẹ́ pé iná iwájú rẹ̀ gan-an jẹ́ LED tàbí tó ní kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ gílóòbù, ẹ má fọwọ́ kan wáyà iná iwájú rẹ̀. Ọ̀nà kọ́kọ́rọ́ ni kí ẹ lò.

Wáyà súìṣì gbọ́dọ̀ gba ihò tó ti ní rọ́bà roboto kọjá sínú ọkọ̀. Tí ẹ bá lu ihò tuntun, ẹ fi rọ́bà sí etí rẹ̀. Etí irin tí kò ní rọ́bà á máa gé wáyà díẹ̀díẹ̀ títí á fi kan ara ọkọ̀.

Àyẹ̀wò: kí ẹ má tíì so 87 mọ́ iná, ṣùgbọ́n kí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì wà ní síso. Ẹ tan súìṣì, ẹ gbọ́ “tá”. Ẹ pa á, ẹ tún gbọ́ “tá”. Tí ẹ bá lo ọ̀nà fúlù, ẹ yí dímù sí fúlù lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó gbọ́dọ̀ dún ní gbogbo ìgbà. Lẹ́yìn náà, ẹ tún tú nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì.

5. Ẹ́ẹ̀tì

Ẹ wá bóòtù lórí ṣáásì tàbí irin ńlá tí wọ́n fi ẹnjíìnì lé. Ẹ tú u. Ẹ fi sáńpépà ha ọ̀dà ibẹ̀ títí irin á fi máa dán, ní fífẹ̀ ojú wáyà náà. Ojú wáyà ló kọ́kọ́ kan irin, wọ́ṣà eléyín ló tẹ̀ lé e, bóòtù ló bò ó. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti dè é gan-in ni kí ẹ fi gírísì pa á lórí, kì í ṣe ṣáájú.

Ẹ fún iná kọ̀ọ̀kan ní wáyà ẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. Bóòtù tó di bull bar mú kì í ṣe ẹ́ẹ̀tì, torí ọ̀dà ló wà láàárín òun àti ṣáásì. Bí ọkọ̀ yín bá ní sẹ́ńsọ̀ kékeré lórí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì, ẹ má so ẹ́ẹ̀tì mọ́ orí bátìrì tààrà. Ẹ so ó mọ́ ara ọkọ̀, kí sẹ́ńsọ̀ lè ka kọ́rẹ́ǹtì náà.

Àyẹ̀wò, òun ló sì ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí: ẹ so gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ tan ẹnjíìnì, ẹ tan iná àfikún. Ẹ fi pupa mítà kan wáyà dúdú lẹ́yìn iná, dúdú mítà kan nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì. Bí ó bá ka 0.1V tàbí kó rẹlẹ̀ sí i, ó dára. Bí ó bá kọjá 0.3V, ẹ padà lọ ha irin. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn láti pọ́sítíìfù bátìrì sí wáyà pupa lẹ́yìn iná. Kó má ju 0.5V lọ. Iná tó ń tàn kò tíì sọ pé ẹ́ẹ̀tì dára. Mítà ló máa sọ ọ́.

6. Ẹ di wáyà

Gbogbo wáyà nínú ẹnjíìnì ni kó wà nínú páìpù rọ́bà, kí cable tie wà ní gbogbo 15 sí 20 cm. Kó má sún mọ́ fáànù, bẹ́líìtì, ọ̀pá sítíárì tàbí páìpù èéfín. Ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ kó rọ̀ lẹ́bàá iná, torí tí ẹ bá fà á le, gbígbọ̀n ọkọ̀ á fà á já lójú ibi tí ẹ ti tẹ ojú wáyà. Ẹ ti bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ ṣí i padà láti wò ó bóyá ó tẹ wáyà kankan.

7. Títọ́ ojú iná

Ẹ dúró ní ilẹ̀ tó tẹ́jú, mítà mẹ́wàá sí ògiri. Ẹrù tí ẹ sábà máa ń gbé ni kó wà lẹ́yìn ọkọ̀: Hilux tó kó ẹ̀gẹ́ kún ẹ̀yìn máa ń gbé imú sókè, iná tí ẹ tọ́ lófìfo á sì máa wo ojú ọ̀run. Ẹ fi ẹfun sàmì gíga àárín iná náà sí ògiri, kí ẹ sọ àárín ìmọ́lẹ̀ kalẹ̀ ní 10 cm sábẹ́ àmì yẹn. Iná tó ń lọ jìnnà, ẹ kọjú rẹ̀ síwájú tààrà. Iná tó ń fẹ̀, ẹ yí i síta díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kó lè mú etí igbó.

Iná yìí kì í ṣe ti ojú títì tí ọkọ̀ ti ń pàdé ara wọn. Ó ń fọ́ awakọ̀ tó ń bọ̀ lójú, Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sì lè mú yín fún ẹ̀sùn iná. Ẹ ra ìdérí rẹ̀, kí ẹ sì máa fi bò ó tí ẹ bá wà láàárín ìlú.

Àyẹ̀wò: kí ẹnjíìnì máa ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́, kí AC, iná iwájú àti iná àfikún wà ní títàn. Ẹ wọn orí bátìrì. Bí ó bá wà láàárín 13.5 sí 14.5V, ó lè gbé e. Bí ó bá wálẹ̀ sí 12.6V tàbí kó rẹlẹ̀ sí i, alternator (ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì ní iná) kò lè gbé e, bátìrì ni ẹ ń jẹ. Bákan náà ni tí ẹnjíìnì bá kú: iná tó ń jẹ 9A á ti mú ìdajì bátìrì 60Ah lọ láàárín wákàtí mẹ́ta ó lé díẹ̀.

Bí nǹkan kan bá yí padà

Iná méjèèjì ń ṣẹ́jú pọ̀: relay tàbí ojú ẹsẹ̀ 30. Ọ̀kan péré ló ń ṣẹ́jú: ẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Relay ń dún ṣùgbọ́n iná kò tàn: fíúùsì, tàbí ẹ fi wáyà sí 87a. Ó ń dún “tá-tá-tá” kíákíá: bátìrì ti rẹ̀, tàbí ẹ́ẹ̀tì 85 kò dè. Fíúùsì ń jó kìkì nígbà tí ẹ bá gba inú kòtò: wáyà kan ti bó níbì kan, ó ń kan irin tí ọkọ̀ bá mì, ẹ wá ibi tí páìpù rọ́bà ti ń ha ara irin, ẹ má fi fíúùsì tó tóbi jù sí i. Omi rú nínú gíláàsì iná lẹ́yìn òjò tí kò sì gbẹ lọ́jọ́ kejì: rọ́bà etí rẹ̀ ti bàjẹ́, ẹ dá a padà kí bọ́ọ̀dù inú rẹ̀ tó dípẹtà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lójú ọ̀nà oko, ẹ mú sípánà 13, kí ẹ tún bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dè. Ọ̀dà tuntun máa ń tẹ̀ lábẹ́ wọ́ṣà, bóòtù á sì tú díẹ̀.